Ta Ni Yóò Ṣe Màdáámù? Eré Àṣefihàn àti Ọ̀rọ̀ Ìrẹ́jẹ Nínú Kíláàsì

Bí a bá ní kí àwọn ọmọ iléèwé ṣe eré nípa ìrẹ́jẹ, ibi kan náà ni eré wọn sábà máa ń gúnlẹ̀ sí. Olówó yóò fìyà jẹ tálákà, tálákà yóò sunkún, pásítọ̀ tàbí ààfáà tàbí bàbá àgbà kan yóò wọlé wá gbani níyànjú, olówó yóò dọ̀bálẹ̀ tọrọ àforíjì, kíláàsì yóò pàtẹ́wọ́, agogo yóò sì dún. Mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ ojúṣe ọmọ ìlú ní iléèwé ìjọba kan ní agbègbè Kubwa ní Abuja, mo sì tún máa ń kó àwọn ọmọ Yorùbá jọ lọ́jọ́ Sátidé kí èdè wọn má baà bọ́ sọnù lẹ́nu wọn. Níbi méjèèjì, mo ti wo irú eré bẹ́ẹ̀ débi pé mo lè sọ ìparí rẹ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Lójú tèmi, ìparí yẹn ni ó ń ba iṣẹ́ jẹ́, nítorí ohun tí ọmọ ń gbé lọ sílé ni pé ọjọ́ tí ọkàn ẹni tí ń rẹ́ni jẹ bá rọ̀ ni ìrẹ́jẹ ń tán, àti pé kò sí iṣẹ́ fún gbogbo àwa yòókù ju kí a jókòó de ọjọ́ náà lọ.

Eré àṣefihàn tí mò ń sọ yìí kì í ṣe eré orí ìtàgé. A kì í dá aṣọ fún un, a kì í kọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sórí, a kì í sì í pe òbí wá wò ó. A ó mú ọ̀ràn kan tí ó lè ṣẹlẹ̀ ládùúgbò wa, a ó pín ipò fún ọmọ mẹ́rin tàbí márùn-ún, oníkálukú yóò sì máa sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ó wà ní ipò tí ó bọ́ sí. Kò pẹ́ tí eré fúnra rẹ̀ fi ń parí. Àtúnṣe rẹ̀ àti ìbéèrè tí ó ń tẹ̀lé e ni ó ń gba àkókò. N kò lò ó kí àwọn ọmọ lè mọ bí ìyà ṣe ń rí lára, nítorí àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ mọ ìyà, òmíràn nínú wọn sì mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n rí ni ẹni tí ń jèrè nínú ọ̀ràn náà, ẹni tí ń wòran, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ tó nǹkan kan tí kò sì ṣe é, àti ibi tí ìlẹ̀kùn kan wà tí ẹnikẹ́ni kò tíì kàn.

Augusto Boal, olùdarí eré ìtàgé, ọmọ orílẹ̀-èdè Brazil tí wọ́n bí ní ọdún 1931, ni ó ṣe ìlànà tí èmi ń tẹ̀ lé jù lọ. Àwọn ológun tí ń ṣèjọba ìlú rẹ̀ mú un ní ọdún 1971, wọ́n dá a lóró, ó sì di ẹni tí ń gbé ní ìlú onílùú. Ẹ̀kọ́ Paulo Freire, onímọ̀ ẹ̀kọ́ tí òun náà jẹ́ ọmọ Brazil, wà nídìí iṣẹ́ rẹ̀, Freire tí ó bínú sí àwọn olùkọ́ tí ń ṣe sí akẹ́kọ̀ọ́ bí báǹkì tí ènìyàn ń lọ fowó pamọ́ sí. Bí Boal ṣe ń ṣe é ni pé òṣèré yóò ṣe eré kúkúrú kan tí yóò parí sí ìyà, wọn yóò sì tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹni tí ń wòran lè kígbe pé kí wọ́n dúró, kí ó dìde, kí ó gba ipò ẹni tí wọ́n ń rẹ́ jẹ, kí ó sì dán ọgbọ́n tirẹ̀ wò. Òfin méjì ibẹ̀ ni n kì í fi ṣeré. Èkíní ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gba ipò ẹni tí ń rẹ́ni jẹ kí ó wá sọ ọ́ di ènìyàn rere lójijì. Èkejì ni pé bí ọgbọ́n tí ẹnìkan mú wá bá jẹ́ ohun tí kò lè ṣeé ṣe láyé, àwọn òǹwòran ní ẹ̀tọ́ láti kígbe pé idán ni ó pa. Nígbà tí Boal padà sílé, ó wọ ìgbìmọ̀ aṣòfin ìlú Rio de Janeiro láti ọdún 1993 sí 1996, ó sì ń fi irú eré yìí wá ohun tí ó yẹ kí ó di òfin láàárín àwọn aráàlú.

Ẹni tí ó bá rò pé àjèjì ni èyí lórí ilẹ̀ wa kò rántí ìtàn. Hubert Ogunde ṣe eré nípa ìyanṣẹ́lódì gbogbogbòò ti ọdún 1945, nígbà tí ó sì gbé e dé Jos ní ọdún 1946, ọlọ́pàá ìjọba amúnisìn dá eré náà dúró, wọ́n sì mú un. Yorùbá ní ọba kì í mú ọ̀kọrin. Òyìnbó kò gbọ́ irú òwe bẹ́ẹ̀ rí. Ní Zaria náà, ní àwọn ọdún tí ó kẹ́yìn ẹ̀wádún 1970, àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ eré oníṣe ní Yunifásítì Ahmadu Bello kó kúrò nínú ọgbà wọn ní Samaru, wọ́n lọ bá àwọn àgbẹ̀ ní abúlé, wọ́n sì fi èdè Hausa ṣe eré pẹ̀lú wọn lórí ọ̀rọ̀ ajílẹ̀, ilẹ̀ àti àwọn aláṣẹ tí ń kó wọn nífà. Wasan manoma ni wọ́n pè é, eré àwọn àgbẹ̀. Àwa tí a ń gbé Àríwá kò ní láti lọ jìnnà kí a tó rí àpẹẹrẹ.

Ọ̀ràn ọmọ ọ̀dọ̀ ni ó kọ́kọ́ fi agbára ìlànà yìí hàn mí ní kíláàsì ọjọ́ Sátidé. Owó sọnù lórí tábìlì. Màdáámù wà níbẹ̀, ọmọ ọ̀dọ̀ tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàlá wà níbẹ̀, ọmọ màdáámù tí òun àti ọmọ ọ̀dọ̀ jọ jẹ́ ẹgbẹ́ wà níbẹ̀, aládùúgbò tí wọ́n jọ ń lo ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan wà níbẹ̀, máígádì sì wà lẹ́nu géètì. Ọmọbìnrin tí ó mú ipò màdáámù jẹ́ ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Mo rò pé yóò pariwo, nítorí ariwo ni gbogbo màdáámù inú fíìmù ń pa, ṣùgbọ́n kò gbé ohùn sókè rárá. Ó jókòó, ó gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀, ó ká ìwé kan ó fi ṣe fóònù, ó sì ń bá ẹni tí a kò rí sọ̀rọ̀ nígbà tí ọmọ ọ̀dọ̀ wà lórí ìkúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá mú ọmọ yín. Owó oṣù yìí, ẹ má wulẹ̀ retí ẹ̀.” Ó gbé ìwé náà sílẹ̀ lórí itan, ó wo ọmọ náà, ó ní, “Dìde, lọ fọ abọ́ ná.”

Kò sí olùkọ́ tí ó lè kọ gbólóhùn yẹn fún ọmọ. Gbogbo wọn ni wọ́n mọ ibi tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ti ń jáde, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò sọ bẹ́ẹ̀.

A tún un ṣe. Ọmọkùnrin kan kígbe pé ó tó, ó gba ipò ọmọ ọ̀dọ̀, ó sì ní, “Mi ò jí owó kankan, mò ń lọ sílé wa.” Kò tíì rìn dé ẹnu ọ̀nà tí àwọn yòókù fi pariwo pé idán ni. Wọ́n ní ilé wo ni ó ń lọ? Wọ́n ti fẹnu kò pé láti ẹ̀gbẹ́ Ṣakí ni wọ́n ti mú ọmọ náà wá. Ta ni yóò fún un lówó mọ́tò, nígbà tí owó oṣù rẹ̀ kò dé ọwọ́ rẹ̀ rí? Ṣé òun nìkan ni yóò wọ mọ́tò ní Zuba kí ilẹ̀ tó ṣú? Ọmọkùnrin náà jókòó. Òmíràn dìde, ó kúnlẹ̀, ó ń bẹ màdáámù tọkàntọkàn, mo sì rí i pé màdáámù ti fẹ́ rọ̀. Mo dá wọn dúró. Ọmọbìnrin náà bi mí léèrè pé, “Àǹtí, ṣé màdáámù ò lè ṣàánú ni?” Mo ní ó lè ṣàánú, ó sì dára bí ó bá ṣe é, ṣùgbọ́n nínú eré yìí a ò ní dúró dè é.

Ẹni kẹta ni ó ṣí ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Kò gba ipò ọmọ ọ̀dọ̀ rárá, aládùúgbò ni ó ní òun fẹ́ ṣe. Títí di ìgbà náà, ohun tí aládùúgbò ń ṣe kò ju pé kí ó yọjú, kí ó ní “Ẹ ṣe sùúrù o, ìyá Bọ̀dé,” kí ó sì padà sínú ilé rẹ̀. Ọmọkùnrin yìí kò padà sínú ilé. Ó kí màdáámù dáadáa, ó dúró, ó sì bèèrè pé, “Ẹ dákun mà, ta ni ó ń gba owó oṣù ọmọ yìí?” Màdáámù ní ẹni tí ó mú un wá ni. “Èló ni ó ń fi ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ níbẹ̀?” Màdáámù kò mọ̀. Ojú rẹ̀ fi hàn pé òun gan-an, ọmọ kíláàsì, kò tíì ronú kan ìbéèrè náà rí, kì í ṣe màdáámù nìkan. Nígbà náà ni ọmọ kan dìde láti ẹ̀yìn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè é, ó ní òun ni alágbàtà. A gbé àga kan sí àárín, a fi í jókòó, a sì ní kí ẹni tí ó bá ní ìbéèrè bi í. Ó dáhùn láìfòyà pé, “Èmi náà ń jẹun. Ìyá rẹ̀ ni ó ní kí n bá òun wá ibi tí wọ́n á ti máa fún un lóúnjẹ.” Wọ́n bá tún bèèrè ìyá. Báyìí ni ọ̀ràn tí ó bẹ̀rẹ̀ lórí owó tí ó sọnù nínú pálọ̀ kan ní Kubwa ṣe di okùn gígùn, tí a sì ń fà á títí tí a fi dé ìdí ẹni tí kò rówó rán ọmọ lọ sí iléèwé.

Lẹ́yìn eré ni mo tó mú òfin jáde. Mo ka ohun tí Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003, tí ó de gbogbo Abuja, wí: pé ẹni tí kò tíì pé ọdún méjìdínlógún ọmọdé ni, pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gba ọmọdé síṣẹ́ àfi iṣẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́ lọ́dọ̀ ẹbí rẹ̀, irú bí iṣẹ́ oko tàbí iṣẹ́ ilé, pé ọmọ náà ní ẹ̀tọ́ sí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ó pọn dandan. Mo sọ fún wọn nípa àjọ NAPTIP, tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní ọdún 2003 láti gbógun ti àwọn tí ń kó ènìyàn ṣòwò, tí olú iléeṣẹ́ rẹ̀ sì wà níhìn-ín ní Abuja. Bí a bá kọ́kọ́ ka òfin kí a tó ṣeré, àwọn ọmọ á há a sórí fún ìdánwò, ó tán. Bí eré bá ṣáájú, wọn á ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti há, wọn á sì máa wá ohun tí wọ́n lè fi ṣí i. Ọmọkùnrin tí ó ṣe aládùúgbò bi mí bóyá “ẹbí” tí òfin wí ká àǹtí tí kì í ṣe ìbátan ẹni mọ́, tí a kàn ń pè ní àǹtí nítorí pé ó dàgbà. Ìbéèrè agbẹjọ́rò nìyẹn, ọmọ ọdún méjìlá ni ó sì bi í.

Ìyá ọmọ kan pè mí lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó ní, “Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ yín ń bi mí ta ni mò ń fún lówó oṣù o.” Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò gùn.

Pípín ipò ni ibi tí olùkọ́ lè ti ṣe ọmọ léṣe jù lọ. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ ń gbálẹ̀ ní ọ́fíìsì kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tí a máa fún ní ipò agbálẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ ń ṣe, tí wọ́n á ní ó mọ̀ ọ́n ṣe. Ìbò ni mo máa ń jẹ́ kí wọ́n mú, orúkọ ipò nínú ìwé pélébé tí a ká sínú fìlà, mo sì ti sọ fún wọn pé ẹnikẹ́ni lè dá ìwé rẹ̀ padà láìsọ ìdí. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ sínsín-jẹ. Àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n dàgbà ní Àríwá fẹ́ràn láti máa sín ohùn Hausa jẹ, àwọn Hausa ń sín tiwa jẹ, gbogbo wọn sì ń fi àwọn Gbagyi, ọmọ onílẹ̀ Abuja, ṣẹlẹ́yà. Bí olùkọ́ kò bá ṣọ́ra, eré tí ó gbé kalẹ̀ láti fi bá ìrẹ́jẹ wí yóò di ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ìwọ̀sí. Òfin mi ni pé ìṣòro ẹni ni a ń ṣe, a kì í ṣe ohùn rẹ̀.

Èyí hàn kedere ní iléèwé ìjọba tí mo ti ń kọ́ni, níbi tí èdè Gẹ̀ẹ́sì àti Hausa ti ń gba ara wọn lẹ́nu. Ọ̀ràn ilẹ̀ Abuja ni a ń ṣe. Kubwa tí a wà yìí wà lára ibi tí ìjọba kó àwọn Gbagyi lọ nígbà tí wọ́n fẹ́ kọ́ olú ìlú lórí ilẹ̀ wọn ní Maitama. Ìgbìmọ̀ tí Adájọ́ Akinọlá Àgùdà jẹ́ alága rẹ̀ ní ọdún 1975 ni ó dábàá ibí yìí, òfin ológun sì sọ ọ́ di ilẹ̀ ìjọba àpapọ̀ ní oṣù kejì ọdún 1976. Ìpinnu àkọ́kọ́ ni pé kí gbogbo ẹni tí wọ́n bá lórí ilẹ̀ náà kó kúrò pátápátá, kí ìjọba tó yí ọkàn padà lórí apá kan. Ọmọkùnrin kan tí ìbò mú láti ṣe obìnrin Gbagyi gbé páálí ìwé lérí, ó ń fi ìdí jó, kíláàsì ń rẹ́rìn-ín. Ọmọbìnrin Gbagyi kan dìde, ó ní, “Ba haka ba ne,” pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ó gba páálí náà, ó gbé e lé èjìká, ó sì rìn dé ẹnu ọ̀nà láìfọwọ́ kàn án mọ́. Èjìká ni àwọn obìnrin Gbagyi fi ń gbé ẹrù. Gbogbo ẹni tí ó ń gbé Abuja ti rí i lójú títì, ṣùgbọ́n títí di ọjọ́ náà kò sí ẹni tí ó wò ó nínú kíláàsì mi.

Láti ibẹ̀ ni a ti ṣe ti akọ̀wé káńsù tí ń bèèrè ìwé ọmọ onílẹ̀. Èmi fúnra mi ni mo ṣe akọ̀wé, nítorí Dorothy Heathcote, olùkọ́ ará Ìlú Ọba tí ó kú ní ọdún 2011, ti fi hàn pé olùkọ́ lè wọ inú eré pẹ̀lú àwọn ọmọ kí ó sì darí rẹ̀ láti inú. Ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí ní Kubwa fi ìwé tí ó sọ pé ará Ọ̀ṣun ni òun hàn mí, Ọ̀ṣun tí kò dé rí. Ọmọbìnrin Gbagyi náà ní òun ni onílẹ̀, ṣùgbọ́n òun kò ní gómìnà tí òun lè dìbò fún, mínísítà ni Ààrẹ ń yàn lé àwọn lórí. Àwọn méjèèjì kọjú sí ara wọn, wọ́n ń jiyàn lórí ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ jù. Mo jókòó sẹ́yìn tábìlì mi, mo ń tẹ sítáǹbù lórí ìwé òfìfo, n kò dá wọn lóhùn. Ó pẹ́ kí wọ́n tó ṣàkíyèsí pé ara wọn ni wọ́n ń bá jà, pé akọ̀wé ń sinmi. Bí ó bá jẹ́ àlàyé ni mo ṣe, ì bá gbà mí ní odidi sáà kan.

Ohun kan wà tí n kì í gbé wọ inú eré níhìn-ín, òun ni ìjà ẹ̀sìn bí ó ti ṣẹlẹ̀ gan-an. Ìlú tí kò sí lórí àwòrán ilẹ̀ ni a máa ń lò, tí a fún ní orúkọ tiwa, àwọn òbí sì gbọ́dọ̀ mọ̀ ṣáájú. Àwọn kan ní ojo ni ó ń ṣe mí. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ wà ní kíláàsì kan náà pẹ̀lú ọmọ ẹni tí wọ́n jọ sá kúrò ní Jos kò ní sọ bẹ́ẹ̀.

Bí eré bá parí, oníkálukú gbọ́dọ̀ bọ́ kúrò nínú ipò rẹ̀. Yóò pe orúkọ ara rẹ̀ sókè, yóò sì sọ ohun kan tí ó fi yàtọ̀ sí ẹni tí ó ṣe. Ó dà bí ohun kékeré. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin tí ó ṣe màdáámù yẹn, wọ́n pè é ní màdáámù fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́nu géètì ṣọ́ọ̀ṣì tí a ti ń ṣe kíláàsì, kò sì dùn mọ́ ọn nínú. Mo ní kí ó wá sọ níwájú gbogbo wọn bí òun ṣe ń fọ abọ́ nílé òun, ó sì sọ ọ́ tẹ̀rín-tẹ̀rín.

Ní báyìí, àwọn ọmọ iléèwé ìjọba ti mú ọ̀ràn tiwọn wá fún sáà tí ń bọ̀. Wọ́n fẹ́ ṣe eré nípa ọmọ tí wọ́n lé padà sílé nítorí owó tí iléèwé ń gbà, èyí tí kì í ṣe owó iléèwé lórúkọ. Òfin Ẹ̀kọ́ Kárí ti ọdún 2004 ní ọ̀fẹ́ ni ẹ̀kọ́ láti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ títí dé ìpele kẹta girama kékeré, ó sì fi ìyà lélẹ̀ fún ẹni tí ó bá gbowó. Wọ́n ti ka òfin náà fúnra wọn. Ọ̀gá wa ní kí n fi ọ̀ràn ìmọ́tótó rọ́pò rẹ̀. Mo ti bá a sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan, mo tún máa bá a sọ ọ́. Bí kò bá gbà, kíláàsì ọjọ́ Sátidé yóò ṣe é ní èdè Yorùbá, ẹni tí ó bá sì wù nínú àwọn ọmọ iléèwé ìjọba náà lè wá. Wọ́n ti pín ipò náà tán. Wọ́n ní èmi kò lè mú ìbò olùkọ́, nítorí pé èmi ni mo ń kọ orúkọ àwọn tí kò tíì san.